Ìyá ní Kúdẹtì: Ìtàn Ayé Anna Hinderer

Ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró lórí òkè Màpó ní ìlú Ìbàdàn, níbi tí a ṣí gbọ̀ngàn ńlá nì sí ní ọdún 1929, yóò rí òrùlé ilé tí ó tẹ́ lọ títí ojú kò fi lè rí òpin rẹ̀. Ọjà Ọba wà ní ẹsẹ̀ òkè náà, ariwo rẹ̀ a sì máa gòkè wá láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Bí ó bá wá sọ̀ kalẹ̀, tí ó kọjú sí ìhà Mọ̀lété, tí ó sì la àdúgbò Pópóyemọja kọjá, níbi tí a ti ń ṣe ọdún Yemọja lọ́dọọdún láti ayé àwọn baba wa, yóò dé ibi odò kékeré kan. Kúdẹtì ni orúkọ odò náà, òun ni a sì fi ń pe àdúgbò náà pẹ̀lú. Níbẹ̀ ni ìjọ David Mímọ́ wà, ìjọ Kristi tí a kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní gbogbo ìlú Ìbàdàn, ní ọdún 1853. Ní tòsí rẹ̀ ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ tí a kọ́ ní Ìbàdàn wà, èyí tí a parí ní ọdún 1854.

Púpọ̀ nínú wa ti kọjá níbẹ̀ láìyà wò ó. Bí a bá sì yà, ògiri ni a ń wò, a kì í ronú nípa ẹni tí ó gbé inú rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ ìtàn obìnrin kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ibẹ̀ ṣáájú gbogbo wa. Anna Hinderer ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá ni àwọn ọmọ Kúdẹtì ń pè é.

A bí Anna Martin ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta ọdún 1827, ní ìletò Hempnall ní ẹkùn Norfolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Láti ìgbà náà ni ó ti mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ọmọ kékeré máa wá ojú ìyá kí ó má sì rí i. Nígbà tí ó dàgbà díẹ̀, ó lọ gbé lọ́dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀ ní Lowestoft, ìlú kan ní etí òkun. Níbẹ̀ ni ó gbé bá àlùfáà ìlú náà, Francis Cunningham, àti aya rẹ̀ Richenda, pàdé. Anna kò tí ì ju ọmọdé lọ nígbà tí ó bẹ aya àlùfáà yìí pé kí ó fún òun ní àwọn ọmọ díẹ̀ láti máa kọ́ ní Ọjọ́ Ìsinmi. Ó gbà fún un. Nígbẹ̀yìn Anna kó lọ sí ilé àlùfáà náà, ó sì di bí ọmọ fún wọn. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ tálákà tí ẹnikẹ́ni kò bìkítà fún, àwọn tí aṣọ wọn ti gbó tí wọn kò sì lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kíyè sí èyí: kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ di olùkọ́ ní Ìbàdàn. Olùkọ́ ni kí ó tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa.

Ní àkókò yìí, ọkùnrin ará Jámánì kan wà tí ń jẹ́ David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Württemberg, ẹni tí Ẹgbẹ́ C.M.S. rán wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Abẹ́òkúta ni ó kọ́kọ́ gbé. Ní ọdún 1851 ó la igbó já, ó sì dé Ìbàdàn, ìlú tí òkìkí ogun rẹ̀ ti kàn ká nígbà náà. Àwọn ìjòyè pé jọ láti gbèrò bóyá kí àwọn gba òyìnbó yìí tàbí kí àwọn lé e padà. Ọ̀kan nínú wọn kìlọ̀ pé abayéjẹ́ ni àwọn òyìnbó, pé kò sí ìlú tí wọ́n wọ̀ tí kì í dàrú. Àwọn ìyókù ní kí a bi Ifá léèrè. Nígbà tí Ifá sì fọre, wọ́n gba àlejò náà tọwọ́-tẹsẹ̀. David gbé àárín wọn fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà ó padà sí ilẹ̀ òkèèrè láti wá ìrànlọ́wọ́ fún iṣẹ́ náà. Níbẹ̀ ni ó gbé fẹ́ Anna, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 1852. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì ń bọ̀.

Àìsàn ibà kí Anna káàbọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kí i. Wọ́n dúró díẹ̀ ní Abẹ́òkúta, nígbà tí ó sì di oṣù kẹrin ọdún 1853, wọ́n wọ Ìbàdàn. Àwọn ènìyàn tú jáde láti wò ó, nítorí wọn kò tí ì rí obìnrin òyìnbó rí. Ilé amọ̀ tí a fi koríko bò ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀, ilé bí ti gbogbo ará ìlú. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ìjòyè fún wọn ní ilẹ̀ ní Kúdẹtì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mo ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ilé ìsìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ilé kíkọ́ kò ṣòro tó ọmọ kíkọ́. Ọmọ wo ni yóò wá, nínú ìlú tí ó jẹ́ pé ogun ni iṣẹ́ ọkùnrin, tí òwò sì jẹ́ iṣẹ́ obìnrin? Àwọn òbí ń bẹ̀rù pé ìwé yóò sọ ọmọ àwọn di ọ̀lẹ, pé kò ní lè di ọfà mú mọ́, pé yóò kọ òrìṣà ìdílé sílẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò sin àwọn bí ó ti yẹ nígbà tí àwọn bá kú. A kò gbọdọ̀ fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Òbí tí kò bá béèrè ibi tí a ń mú ọmọ òun lọ kì í ṣe òbí rere. Ìjòyè kan tí ń jẹ́ Olúnlọ́yọ̀ọ́ ni ó kọ́kọ́ fi ọkàn tán àlejò yìí. Ó mú ọmọ rẹ̀ méjì, ọkùnrin kan àti Yéjídé, ọmọbìnrin rẹ̀, ó fi wọ́n lé Anna lọ́wọ́. Yéjídé ni a ń kà sí ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí ó kàwé ní Ìbàdàn, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan sì wà ní Kúdẹtì tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn mìíràn ń tẹ̀ lé wọn. Anna kó wọn jọ sí ilé rẹ̀, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń bọ́ wọn, ó sì ń kọ́ wọn. Òun fúnra rẹ̀ ń kọ́ èdè Yorùbá lẹ́nu wọn bí ó ti ń kọ́ wọn ní ìwé, tí ó fi jẹ́ pé olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni olúkúlùkù wọn jẹ́ fún èkejì. Ìwé kò pọ̀ nígbà náà. Díẹ̀ nínú àwọn ìwé Bíbélì tí Samuel Àjàyí Crowther túmọ̀ ni ó wà, bí Ìwé sí àwọn ará Romu tí ó jáde ní ọdún 1850. Bíbélì odindi kò sì jáde ní èdè wa títí di ọdún 1884. Nítorí náà, ohun tí kò sí nínú ìwé, orin àti àwòrán ni a fi ń kọ́ ọ. Àwọn ọmọbìnrin ń kọ́ aṣọ rírán pẹ̀lú. Anna kò bí ọmọ ti ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí alẹ́ tí ilé rẹ̀ ṣófo. Àwọn kan jẹ́ ọmọ tí òbí wọn fi sílẹ̀ fún un, àwọn kan jẹ́ ọmọ tí a rà padà kúrò nínú oko ẹrú.

Kò pẹ́ tí wàhálà fi dé. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí wá sí ìsìn, àwọn ìdílé wọn bínú. A na àwọn ọmọbìnrin kan, a sì dè wọ́n mọ́lẹ̀ nínú ilé kí wọn má ba à lọ sí Kúdẹtì mọ́. Anna kò lè tú wọn sílẹ̀. Ohun tí ó lè ṣe kò ju kí ó lọ bẹ àwọn òbí wọn, kí ó sì gba ẹni tí ó bá sá wá. Olùkọ́ tí ó bá ti rí i kí ọmọ rere máa jìyà nítorí ẹ̀kọ́ tí òun kọ́ ọ yóò mọ bí ọkàn rẹ̀ ti rí. Ìbéèrè líle ni èyí, Anna kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀: ẹ̀tọ́ wo ni mo ní láti fi ọmọ ọlọ́mọ sí ọ̀nà tí èmi kò lè gbà á là nínú rẹ̀? Ìdáhùn tí ó fún ìbéèrè náà kì í ṣe ti ẹnu. Ó dúró tì wọ́n.

Ní ọdún 1856 àìsàn lé tọkọtaya náà padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1858 wọ́n tún ti dé Ìbàdàn. Ní àkókò yìí kan náà ni ìdílé Johnson wá láti Sàró láti bá wọn ṣiṣẹ́. Ọmọkùnrin kan wà nínú ìdílé náà tí ń jẹ́ Samuel, tí a bí ní ọdún 1846. Kúdẹtì ni ó gbé kàwé. Àwọn ìjọ mìíràn pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ní Arẹ̀mọ, ọ̀kan ní Ògùnpa, tí Kúdẹtì fi di ìyá fún wọn.

Lẹ́yìn èyí ni ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860. Ìbàdàn dojú ìjà kọ Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè. Àwọn Ẹ̀gbá sì gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ìjàyè fọ́ ní oṣù kẹta ọdún 1862, ṣùgbọ́n ogun kò tán síbẹ̀. Ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, ọ̀nà Ìjẹ̀bú náà dí. Lẹ́tà kò lè wọlé, bẹ́ẹ̀ ni owó àti oúnjẹ kò lè dé láti Èkó. Àwọn ará Kúdẹtì wà nínú ìlú bí ẹni tí ó wà ní erékùṣù. Ẹ rántí pé kì í ṣe ẹnu méjì ni ó wà nínú ilé náà. Àwọn ọmọ wà níbẹ̀, wọn kò sì mọ̀ pé ọ̀nà ti dí, ebi ni wọ́n mọ̀.

Anna bẹ̀rẹ̀ sí tú ilé rẹ̀ tà. Agolo tí ó ti ṣófo, aṣọ, ohun èlò ilé, gbogbo ohun tí ará ọjà bá lè rà ni ó fi ń wá owó ẹyọ. Ẹ̀wà àti ẹ̀kọ tí àwọn tálákà ìlú ń jẹ ni òun náà ń jẹ, nígbà mìíràn kò sì tó. Oògùn tán, bẹ́ẹ̀ ni ibà kò dẹ̀yìn lára rẹ̀ tàbí lára ọkọ rẹ̀. Òyìnbó mìíràn kan, Edward Roper, tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn mú ní Ìjàyè nígbà tí ìlú náà fọ́, wá di ará ilé wọn pẹ̀lú. Síbẹ̀ a kò ti ilé-ẹ̀kọ́ náà. Láàárín ọdún wọ̀nyí ni David sì ń túmọ̀ ìwé ìrìn àjò Kristiani tí John Bunyan kọ sí èdè Yorùbá, èyí tí ó jáde ní ọdún 1866 tí a pè ní Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́. Ẹ wo bí ó ti yẹ tó: àwọn tí kò lè rìn jáde ní ẹnu odi ìlú ni ó ń kọ̀wé nípa arìnrìn-àjò.

Ohun kan tí ó yẹ kí a sọ ní òtítọ́ ni pé kì í ṣe agbára òyìnbó ni ó dá wọn sí ní ọdún wọ̀nyẹn. Kò sí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan ní Ìbàdàn. Àwọn ìjòyè ìlú ni ó dáàbò bò wọ́n, àwọn aládùúgbò ni ó ń tà fún wọn láwìn, àwọn ọmọ ìjọ ni ó sì ń pín oúnjẹ díẹ̀ tí wọ́n ní pẹ̀lú wọn. Ẹni tí ó wá láti fúnni kọ́ láti gbà. Èrò mi ni pé nígbà náà ni Kúdẹtì gbà á ní ìyá ní tòótọ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1865, Glover tí ń ṣe àkóso Èkó rán Ọ̀gágun Maxwell pẹ̀lú àwọn arúgbó-ọ̀nà ènìyàn díẹ̀, kí wọ́n wá ọ̀nà titun gba inú igbó Ìjẹ̀bú kí wọ́n sì mú àwọn òyìnbó náà jáde. Òru ni wọ́n dé Kúdẹtì láìròtẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ kò gbọdọ̀ mọ́ bá àwọn pẹ́, kí ọ̀tá má ba à mọ ọ̀nà tí àwọn gbà. Anna kò lókun mọ́, ó sì hàn gbangba pé bí ó bá dúró, yóò kú. Wákàtí díẹ̀ ni wọ́n fún un láti fi ilé, ọkọ, àti gbogbo ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. David kò lè bá a lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí yóò fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ní òru ọjọ́ kan. Wọ́n gbé Anna sínú aṣọ tí a so mọ́ ọ̀pá, tí àwọn ọkùnrin gbé ní èjìká, wọ́n sì sáré gba inú igbó lọ sí Èkó. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì ni ọkọ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ènìyàn mìíràn ì bá ti sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n kí ọdún méjì tó pé, wọ́n tún ti padà sí Kúdẹtì. Wọ́n lo díẹ̀ sí i títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1869, nígbà tí ara wọn kò gbà á mọ́ rárá, wọ́n sì dágbére fún Ìbàdàn. Anna kú ní ìletò Martham ní Norfolk, ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1870, ní ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì. Ibẹ̀ ni a sin ín sí. Ní ọdún 1872 a kó àwọn lẹ́tà rẹ̀ jọ, a sì tẹ̀ wọ́n jáde ní ìwé kan tí ó sọ ìtàn ọdún mẹ́tàdínlógún ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọkọ rẹ̀ tún padà wá sí ilẹ̀ wa fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ikú aya rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ ní ìhà Lẹ́kí àti Oǹdó. Ó kú ní ọdún 1890.

Bí ènìyàn bá ka ìtàn yìí títí dé ibí, ó lè béèrè pé kí ni èrè rẹ̀. Ìlú Ìbàdàn kò yí padà ní ọjọ́ ayé Anna. Ogun ṣì ń lọ, ìjọ Kúdẹtì ṣì kéré, àwọn òyìnbó sì ti lọ. Ó yẹ kí iṣẹ́ náà kú. Àwọn àgbà wa a máa sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ọmọ tí a kọ́ ní Kúdẹtì, kí a wò ó bóyá wọ́n tà á.

Daniel Olúbi bá àwọn Hinderer wá láti Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Susanna, ọmọbìnrin tí ń ran Anna lọ́wọ́ nínú ilé, ni ó fẹ́. Nígbà tí àwọn òyìnbó lọ, Olúbi ni ó gba àbójútó gbogbo iṣẹ́ ní Ìbàdàn. A fi í jẹ díákónì ní ọdún 1871, ó sì di ìjọ náà mú fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún láìsí òyìnbó kan tí ó jókòó tì í. Robert Scott Oyèbọ̀dé, ọmọ ilé Anna, di àlùfáà ní Iléṣà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé náà pẹ̀lú ni Francis Lowestoft Akielle tí ó ṣiṣẹ́ ìjọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ yóò mọ àlùfáà àti ìlú tí Anna kò gbàgbé. Samuel Johnson, ọmọkùnrin ará Sàró nì, di olùkọ́ ní Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́. Òun ni ó jókòó ti àwọn arọ́kin àti àwọn àgbà, tí ó sì kọ ìtàn gbogbo ilẹ̀ Yorùbá sílẹ̀, ìwé tí ó parí ní ọdún 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ Kúdẹtì kò bá ṣe ohun mìíràn ju èyí lọ, gbèsè rẹ̀ wà lọ́rùn gbogbo wa.

Àwọn àmì iṣẹ́ náà sì wà yí ìjọ náà ká. Ní ọdún 1899 a dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Kúdẹtì. Ní ọdún 1950 a so ó pọ̀ mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin C.M.S. tí ó wà ní Èkó láti ọdún 1869, wọ́n sì di St. Anne's ní Mọ̀lété. Ní Mọ̀lété kan náà ni Ibadan Grammar School wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1913 lábẹ́ Alexander Babátúndé Akínyẹlé, ọmọ Ìbàdàn tí ó di bíṣọ́ọ̀bù nígbẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn láti Màpó dé Mọ̀lété ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan yóò bá àwọn ọmọ tí ó wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ pàdé, wọn kò lóǹkà. Kò sí ẹni tí ń dè wọ́n mọ́lẹ̀ nítorí ìwé mọ́. Òbí ni ó ń sáré lé wọn lẹ́yìn kí wọn má ba à pẹ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, a óò jáde láìpẹ́, a óò sì rán olúkúlùkù wa sí ibi tí a kò mọ̀. Ẹlòmíràn yóò bá ọmọ mẹ́sàn-án lábẹ́ igi, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní ní ilẹ̀kùn, owó oṣù rẹ̀ yóò sì pẹ́ kí ó tó dé. Ní ọjọ́ náà yóò rò pé iṣẹ́ tí kò ní láárí ni a fi rán òun. Kí ó rántí obìnrin tí ó ta agolo kí ọmọ Kúdẹtì lè jẹun, tí ó sì kú kí ó tó rí ohun tí àwọn ọmọ náà dà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nì ti gbó, òjò ọ̀pọ̀ ọdún sì ti pa á. Àwọn ọmọ tí a kọ́ nínú rẹ̀ kò tà á.